Ìpara Èèpo Akàn

Ọjọ́ tí mo gbá ọwọ́ àbúrò mi mú nílé wa ní Ìkòsí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ Sátidé ni, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Dàpọ̀, àbúrò mi tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, mú ìpara kan wá fún Títí ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ìgúnpá rẹ̀ ń yún un tó sì ń bó. Ó ní oje ata ilẹ̀ pupa ni. Wọ́n di oje náà sínú àwọn wóró tíntìntín tí ojú kò lè rí, kí ó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì awọ ara lọ.

Ìka rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọ nígbà tí mo bi í pé, "Kí lẹ fi ṣe wóró yẹn?"

"Èèpo akàn ni, Sister mi."

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Títí jẹ akàn odò Agboyi rí; ètè rẹ̀ wú, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mí mọ́.

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀, Prófẹ́sọ̀ Ìkòsí! A ti fọ èèpo náà mọ́."

"Ìwé rẹ pọ̀ ju tèmi lọ, Dàpọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé Títí sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn. Ìpara yìí kò ní kàn án. Bínú bí o bá fẹ́."

Ó bínú lóòótọ́. Kò jẹ ẹ̀wà tí mo sè. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ fọ́ọ̀mù ìwádìí rẹ̀ tí àwọn tó ń dán ìpara náà wò máa ń kọ, ó kà á látòkè délẹ̀, ó sì fi bírò kọ ìbéèrè tuntun kan sí i: "Ǹjẹ́ akàn bá ara rẹ mu?"

Títí di òní, n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kò sì pa ìbéèrè yẹn rẹ́.