Tíṣà Theodora àti Àwọn Tó Ń Gba Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kọjá

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Candido ní Lafíàjì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni Theodora Candido ti ń ṣe lẹ́sìnnì fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé, láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ tíṣà. Tábìlì kan, bẹ́ńṣì méjì, pátákó kan tó fi ìṣó kàn mọ́ ògiri. Kò sí àyè mìíràn. Yàrá rẹ̀ kò gbà ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ìdílé mẹ́sàn-án ló ń gbé ilé náà, gbogbo wọn ló sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí wọlé, tí wọ́n ń gbà á jáde.

Ọmọ márùn-ún ló ń kọ́ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń gba oorun lójú rẹ̀. Ìyìnolúwa ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Abọ́sẹ̀dé ìyá rẹ̀, ará Ìjẹ̀ṣà, ń ta ẹ̀wà ní ọjà Sandgrouse. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi. Ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Á ṣe ìṣirò dé ìdajì láìṣìnà. Nígbà náà ni bàtà ẹnìkan á dún, á gbórí sókè, ìdajì tó kù á fò lọ.

Theodora ti ṣe gbogbo èyí tó mọ̀. Ó yí bẹ́ńṣì kọjú sí ògiri. Ó ki òwú bọ ọmọ náà létí. Ọmọ ń yọ ọ́ wò bóyá wọ́n ń pe òun. Ó ń fún un ní gúgúrú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọmọ ń ro gúgúrú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Gbogbo ìgbà tí àgbàlagbà bá kọjá, tí àwọn ọmọ bá dìde kí i, ó fa ilà kan sára ògiri. Àwọn ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà á béèrè ìyá wọn, á ní kí wọ́n kàwé dáadáa, á lọ. Láàárín wákàtí kan, ilà mọ́kàndínlógún.

"Ó tó," ni Theodora wí. "Láti ọ̀la lọ, ẹni yòówù kó kọjá, ẹ ò gbọdọ̀ gbórí sókè. Tí a bá ṣe tán, ẹ ó lọ kí wọn ní yàrá wọn."

"Bàbá ńkọ́, mà?" Ìyìnolúwa béèrè.

"Títí kan Bàbá."

Bàbá ni Jeremy Candido, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, olórí ẹbí. Theodora mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ sọ fún un. Ó ní òun á sọ ọ́ tó bá dìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyìnolúwa ṣe ìṣirò mẹ́tàdínlógún láìgbórí sókè. Theodora dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rọra mí. Ènìyàn mẹ́fà ti kọjá. Ẹni keje ni Bàbá Jeremy, tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó dúró. Ó wúkọ́. Orí márùn-ún, gbogbo wọn nílẹ̀.

"Theodora."

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ní..."

"Ṣé òkú ló ń kọjá ni?"

"Bọ̀dá, ìdánwò ni wọ́n fẹ́..."

"Tó bá jẹ́ ewúrẹ́ ló gba ibí, wọn á ní kó kúrò. Èmi ò tiẹ̀ tó ewúrẹ́!"

Theodora, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, kúnlẹ̀ lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Nígbà tí wọ́n rí i, mẹ́rin nínú wọn wólẹ̀. Ìyìnolúwa nìkan ni kò dìde. Wọ́n ti ní kó má gbórí sókè. Ó ń ṣe ìkejìdínlógún. Bàbá Jeremy rí i.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Abọ́sẹ̀dé. Ó sáré dé, eruku ẹ̀wà ṣì wà lápá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá, ó fa ọmọ létí.

"Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bú mi ni?"

"Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀," ni Theodora wí.

"Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé wa níbí, ta ló máa kọ́ ọ fún mi?"

Bàbá Jeremy kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní kí lẹ́sìnnì máa bá a lọ. Kí wọ́n ṣáà ti máa kí ènìyàn.

Láti ọjọ́ náà, Ìyìnolúwa kì í dúró de ìró bàtà mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ó kúnlẹ̀ fún Haneefah, ọmọ inú ilé náà tó ń gbé omi kọjá, tó fi ọdún méjì péré jù ú lọ.

"Èmi náà kẹ̀? Mo ti di màmá nìyẹn!"

Theodora lọ tọrọ yàrá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akọrin ló ń lò ó. Ó kó bẹ́ńṣì síwájú ilé. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ń dún níbẹ̀. Ó kó wọn padà. Ìyìnolúwa kò tún ṣe ju ìṣirò mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Theodora àti Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé náà. Ọmọ jáde.

"Ibo lo ṣe é dé?" Theodora béèrè.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mà."

Ọgọ́ta ni ìbéèrè.

"Kí ló dé?"

"Màmá kan ló ń ṣọ́ wa. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀."

"O wá ń dìde kí wọn?"

"Rárá, mà. Wọ́n ní ẹnìkan ò gbọdọ̀ dìde. Inú ọkàn mi ni mo ti ń kí wọn."

"Ìgbà mélòó?"

"Gbogbo ìgbà tí wọ́n kọjá."

Abọ́sẹ̀dé ń wojú Theodora.

"Tíṣà, ṣé ó gbìyànjú?"

"Ó gbìyànjú."

Theodora gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹnu pẹ́ńsù náà ṣì mú.