Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lọ́jà Oil Mill

Bí o bá ti dé ọjà Oil Mill lọ́jọ́rú rí, ìwọ náà á mọ òórùn ibẹ̀: ẹja tí wọ́n ń yan pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì, epo ọkọ̀, àti eruku ẹrù tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ nínú kọ̀ntéínà. Níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò àti sípíkà àlòkù, òórùn mìíràn tún wà, òórùn fóòmù tó ti gbó sínú àpótí. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn yẹn níbikíbi, ara mi á kọ́kọ́ bù máṣọ.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Port Harcourt ni mí. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́, mo ń dirun fún àwọn èèyàn ní Trans-Amadi, ibẹ̀ ni mo sì ti rí owó ra gìtá oníná mi àkọ́kọ́, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Okùn rẹ̀ ga sókè bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó ń gé mi níka, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti eṣinṣin tó há sínú agolo. Èmi tí n kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, mo rò pé bí mo bá rí gìtá tó dáa, òun ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá akọrin ìjọ wa ló ní kí n má ra òmíràn. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n, ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn nìkan ló gbà láti kọ́ mi, nígbà tí àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ń bi mí pé ṣé gìtá ni mo fẹ́ fi wá ọkọ.

"Igi gìtá yìí ò burú," wọ́n ní. "Nǹkan tó yí i ká ló burú. Owó ẹ ò pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ká máa tún un ṣe. Má jẹ́ kí nǹkan dídán tàn ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. A kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn. Wọ́n fi sukudíráfà kékeré rẹ okùn náà sílẹ̀ títí ìka mi fi sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, a ra wáyà tuntun, nítorí èyí tó bá gìtá wá máa ń hó ṣàà bí epo gbígbóná. Ó wá ku ámpù, àpótí tí ohùn gìtá ń gbà jáde. Kékeré tí mo ní kò lè bá ìlù ìjọ wa du. Bí onílù bá ti bẹ̀rẹ̀, mo ti parẹ́ nìyẹn.

Mo gbé gìtá mi dání, mo dá lọ sí Oil Mill. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù Amẹ́ríkà ní ámpù dúdú kan tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Ó tàn án, mo ta okùn kan péré, mo sì mọ̀ pé òun ni mo ń wá. Ohùn náà gbòòrò, ó sì rọ̀. Bó ṣe ń dì í fún mi, ó nàka sí àpótí irin kékeré tó fi tàn án.

"Sister, na America own be this, na one-ten. No put am for wall like that o. Buy step-down first, if not e go burn."

Ohun tó ń wí yé mi: iná tiwa lágbára ju ti Amẹ́ríkà lọ, àpótí irin yẹn ló ń dín in kù kó tó wọ inú ámpù. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi ò tó o mọ́. Mo ní màá rà á tó bá yá.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ámpù náà lọ síbi tí a ti ń dán orin wò, kí bàbá akọrin lè rí i lásán. Inú wọn dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lára bí ọmọ tuntun, wọ́n pe gbogbo akọrin pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ àwọn rà. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti mú pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà..."

"Dákẹ́ ná, jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọdé kì í jágbe mọ́ àgbà lójú èèyàn. Wọ́n tì í bọ ojú iná, ó dún pọ̀, èéfín yọ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ilé gba òórùn ike jíjó.

"Olè ni ẹni tó ta nǹkan yìí fún ẹ!" wọ́n ní. "Ó rí i pé ọmọdé ni ẹ́. A jọ máa lọ bá a ni."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ lọ́jọ́rú, mo lanu, mo tún pa á dé. Mo rò pé bí a bá débẹ̀, ọkùnrin náà á ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ á sì tán láàárín àwọn méjèèjì. Bàbá akọrin ò fún un láyè. Ọrùn ẹ̀wù ni wọ́n gbá a mú.

"Thief! You sell bad thing give small pikin!"

Ọ̀rẹ́ mi, a kì í pe èèyàn lólè lọ́jà Port Harcourt kó jẹ́ eré. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọ̀dọ́ ti yí wa ká, ẹnì kan sì ti ń bèèrè táyà tí wọ́n máa fi dáná sun ún. Ọkùnrin náà ò jà. Èmi ló ń wò. "Sister, abeg, talk now."

Mo sọ ọ́. N kò mọ̀ pé mo ní irú ohùn tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. "E tell me! E tell me say na one-ten! E no be thief! Na we put am for wall!"

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. "Papa, na you burn am!" "Oga, e dey write for back. You no sabi read?" Ẹnì kan ṣí fìlà wọn, ó dé e padà fún wọn sódì. Bàbá akọrin fi ẹ̀wù ọkùnrin náà sílẹ̀. Wọn ò wojú mi títí a fi délé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá ámpù náà nílé ìjọ. Bàbá akọrin ti gbé e fún oníṣẹ́ iná, ó ti tún un ṣe, àpótí irin tuntun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo bẹ̀ wọ́n. "Kò sí nǹkan, ọmọ dáadáa," wọ́n ní. Ṣáájú ìgbà náà, tí mo bá tẹ okùn ṣì, wọ́n á fi igi gbá àga: "Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn? Tún un ṣe, olórí kunkun!" Báyìí, mo tẹ̀ ẹ́ ṣì títí, wọn ò wí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan mo mọ̀ọ́mọ̀ ba orin jẹ́ látòkè délẹ̀, mo ń retí kí wọ́n gbá àga. Wọ́n mi orí. "Ó dára," wọ́n ní. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n kó lọ sí Ìjẹ̀bú.

N kò kábàámọ̀ pé mo gba ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Wọn ì bá ti pa á. Ohun tó ń dùn mí ni pé ká ní mo sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ ọmọ sí bàbá ni ì bá jẹ́, à bá sì jọ fi í rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì títí ó fi di òkúta, ìgbà tí mo sì sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ràn mi ló bà. Gìtá mi ti ń dún ketekete báyìí. Àwọn ìjọ mìíràn ń pè mí wá síbi ìkórè, títí dé Okrika, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi nìkan ni mo máa ń mọ ibi tí mo ti ṣì í.