Ìlú Tí Sàlímọ́nù Kọ́ Sórí Tábìlì

Ọjọ́ tí wọ́n bá ọba nínú ọbẹ̀ ẹja ni òkìkí Sàlímọ́nù kàn jákèjádò Ẹ̀pẹ́. Igi ló fi gbẹ́ ọba náà, kò ga ju àtàǹpàkò lọ, ó sì fi í sórí ààrò tí Wòsílátù ìyàwó rẹ̀ fi ń yan ẹja, pé kó gbẹ. Wòsílátù ò mọ̀. Ó kó ẹja, ó kó ọba, ó di Ọjà Olúwo. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan wọkọ̀ wá láti Ìjẹ̀dẹ́, ó gbé ọba náà kalẹ̀ níwájú tọkọtaya náà pẹ̀lú omi ọbẹ̀ lára.

“Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ jọ̀ọ́, irú ẹja wo lèyí tó dé adé?”

Wòsílátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Sàlímọ́nù mú ọba rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

“Epo ti ba ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́,” ó ní. “Ẹ ò bá ti rọra sè é.”

Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn fún àwọn apẹja kó tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú sórí tábìlì pálọ̀. Ìlú abẹ́ ọ̀sà ni, èèyàn àti iwin jọ ń gbé ibẹ̀, páálí ni ògiri, agolo mílíìkì ni òrùlé. Eré tuntun tó fẹ́ dá sílẹ̀ nìyẹn. Kálukú á ní ará ìlú tirẹ̀, á ta dáìsì, á máa sún wọn lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ààfin ló nìlú.

Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n dán an wò, wọn ò dé ààfin rí. Lọ́jọ́ kan, Ògúnsànyà aládùúgbò wọn sún ọmọ ogun rẹ̀ kọjá lára ìyá àgbà kan lẹ́bàá odò, ni Sàlímọ́nù bá fọwọ́ dí i lọ́nà.

“Dá a padà sílé. Kò kí wọn.”

“Ogun ló ń lọ jà o.”

“Kó kí wọn tán, kó wá lọ jà.”

Nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá a gúnlẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń gbẹ́gi, pẹ̀lú ọwọ́ tó wú. Ó ní lẹ́yìn Iléyá lòun máa ṣí ìlú náà fún gbogbo àdúgbò. Kò rí Iléyá. Roqeebah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó máa ń bá a ṣe eré náà tó bá wálé, gbéra láti Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú. Kó tó dé, wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ bo bàbá rẹ̀. Ó dùn ún wọra.

Wọ́n ṣe fídáù tán, Mujeeb, àbúrò olóògbé, bá mú ìṣáná dání.

“Ère ò gbọdọ̀ wà nílé mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ ká sun wọ́n.”

Roqeebah fọwọ́ méjèèjì bo ìlú náà. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá òun fi sílẹ̀ tó jọ ọ́ nìyí, ó sì fẹ́ jóná lójú òun. Wòsílátù ló dìde.

“Mujeeb, ta lẹ rí tó foríbalẹ̀ fún wọn? Èébú lèmi máa ń bú wọn láràárọ̀.”

Mujeeb fi ìṣáná náà sápò.

Wòsílátù fa àga, ó jókòó sídìí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Roqeebah, kọ́ mi. Ó bẹ̀ mí títí, mo ní ẹja ni mo fẹ́ yan.”

Roqeebah kọ́ ọ. Wòsílátù ta dáìsì, ẹẹ́fà ló já sí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbójú sókè láti fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì rí àga tó ṣófo lódìkejì. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Roqeebah lọ jókòó sórí àga náà. Ó na ọwọ́ sí dáìsì.

“Èmi ló kàn, Màámi.”