Bàbá Oníyanrìn àti Òkété Tí Kì í Lu Ẹnikẹ́ni

Ọjọ́ tí Bàbá Oníyanrìn gba ife ẹ̀yẹ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, òkété rẹ̀ kò lu ẹnikẹ́ni. Kò já ẹnikẹ́ni jẹ, kò ta ẹnikẹ́ni nípàá, kò fi èékánná kan ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ Bàbá ló gbé ife lọ sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń gba ife náà láti ọdún mẹ́ta sì jókòó sórí àpótí nídìí ògiri, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ gbé.

Ẹni tí kò bá mọ géèmù náà, kó gbọ́. Ẹranko abàmì méjì ló máa ń kojú ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ́n ìjà mẹ́rin. Ẹni tó ni ẹranko á yan ọ̀kan, ẹranko á ṣe é, á wá kan ẹnì kejì. Ẹni tí agbára ẹranko rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló fìdí rẹmi. Iná ni gbogbo ayé máa ń yàn, tàbí àrá, tàbí eyín. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọmọdé máa ń lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì máa ń sọ nù lọ́jọ́ kejì: kí ẹranko bu iyanrìn sójú ọ̀tá. Kì í dun ọ̀tá náà rárá. Gbogbo ohun tó ń ṣe ni pé bí ọ̀tá bá fẹ́ lu ọ, ó lè tàsé. Bù ú lẹ́ẹ̀mejì, á túbọ̀ máa tàsé. Bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò ní rí ògiri tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà gan-an ni Bàbá bù ú sójú dírágónì ọmọkùnrin náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Oníná. Dírágónì fẹ iná, ó tàsé. Ó tún fẹ́ ẹ, ó tún tàsé. Àwọn èrò ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, nígbà tí wọ́n fi máa ka ọgbọ̀n, ẹnu ti ń ro wọ́n. Iná inú dírágónì sì níye. Nígbà tó tán, kò sí ohun tó kù tó lè ṣe ju kó máa forí sọ lọ, bẹ́ẹ̀ òfin géèmù ni pé orí tí ẹranko bá fi sọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń dùn. Ó forí sọ títí ó fi dùbúlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò tilẹ̀ bá mi jà!" ni Ọ̀gá Oníná ń ké.

"Ta ló bá ẹ jà?" ni Bàbá wí, ó ń nu awò ojú rẹ̀. "Ìwọ lo bá ara ẹ jà. Èmi kàn wá wòran ni."

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà pé: A KÒ GBA IYANRÌN MỌ́. Birikìlà tó ń bọ̀ wá tún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣe kà á, ló bá yí ọmọlanke rẹ̀ padà.

Ohun tó jẹ́ kọ̀rọ̀ náà máa ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni iṣẹ́ tí Bàbá ń ṣe. Òṣùwọ̀n ló ń tún ṣe. Yàrá tóóró kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kò gbà ju tábìlì kan àti àga méjì lọ. Àwọn irin ìwọ̀n rẹ̀ tò lábẹ́ aṣọ funfun, láti orí èyí tó tó ìkúùkù dé orí èyí tó dà bí èékánná ọmọ tuntun. Bó bá fẹ́ wọn nǹkan, á pa fèrèsé dé kí atẹ́gùn má baà tẹ abọ́ òṣùwọ̀n, á ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ má mí. Ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sán lé àṣìṣe kúrò nínú irin, báwo ló ṣe wá ń fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ ẹranko bí wọ́n ṣe ń tàsé?

Alápatà kan rò pé òun ti rí ìdáhùn. Ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá, ó ní kí Bàbá bá òun tẹ̀ ẹ́ síbì kan, díẹ̀ báyìí, kí ẹran òun lè máa wúwo sí i.

"Bó o bá fẹ́ kí ẹran ẹ wúwo," ni Bàbá wí, "lọ fún màlúù lóúnjẹ."

"Ha! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń da iyanrìn sójú ẹranko láti ọjọ́ yìí! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá kọ́ mi ní òótọ́?"

"Dírágónì kì í wá ra ẹran lọ́wọ́ ẹ. Ìyá ọlọ́mọ ló ń rà á. Gba òṣùwọ̀n ẹ, ó ti pé. Má lọ fọwọ́ bà á jẹ́."

Alápatà gba òṣùwọ̀n, ó ń kùn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá náà ni ì bá ṣì máa gbé e wá títí di òní tí à ń wí yìí, ká ní Bàbá ṣì wà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ iyanrìn? Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì bi í, Bàbá ní dókítà ló ní kóun má bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Tíṣà àdúgbò bi í, ó ní ìjà tí kò bá ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń pè ní àlàáfíà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, bi í, ó ní àwọn bọ́tìnì tó kù ló ti bàjẹ́. Ìyàwó gba ẹ̀rọ náà, ó tẹ gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. "Ọwọ́ aránṣọ nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ó yàtọ̀."

Ẹni tí ìbéèrè náà dùn jù ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà ló ń yà sọ́tọ̀ sí àdúgbò àdúgbò, bí lẹ́tà kan ò bá sì ní àdírẹ́sì, kò ní lè jẹun ọ̀sán. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń bá bàbá rẹ̀ ta géèmù náà. Nígbà náà, ìyá rẹ̀ ti fi òfin lélẹ̀: ẹyọ kan péré, lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ilé-ìwé. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹyọ kan náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òòrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kó tó parí.

"Ẹyọ kan ọ̀hún ò tíì parí ni?" ni ìyá á pariwo láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ó kù díẹ̀!" ni àwọn méjèèjì á dáhùn pa pọ̀.

Ó dàgbà, ó kó lọ sílé tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń padà wá. Kò sí ìgbà kan tó borí rí. Ó ti bi bàbá rẹ̀ léèrè nípa iyanrìn títí, ìdáhùn mọ́kànlá ló sì ti gbà, kò sí méjì tó jọra. Ó kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé kan.

Nígbà tó yá, iyanrìn náà ò mọ sínú géèmù nìkan mọ́. Nínú ilé, bí ènìyàn bá bi Bàbá ní ohun tí kò fẹ́ dáhùn, iyanrìn ló ń bù.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ máa kun pálọ̀ yìí?"

"Ọ̀dà wo?"

"Funfun."

"Funfun ti ẹyin ni, àbí funfun ti wàrà?"

Kí ó tó di pé wọ́n yanjú ẹyin àti wàrà, ilẹ̀ ti ṣú, pálọ̀ sì wà bó ṣe wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn.

Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀, àfìgbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọmọ rẹ̀ rí i tó ń fi òòlu lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì, oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún lu òmíràn. Wọ́n ní ó ti lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Bàbá, kí ni dókítà sọ?"

"Dókítà wo? Èyí tó ga ni, àbí èyí tó kúrú?"

"Èyíkéyìí nínú wọn!"

"Èyí tó kúrú ní kí n kí ẹ. Ó ní ọmọ dáadáa ni ẹ́."

"Báwo ló ṣe mọ̀ mí?"

"Ohun témi náà bi í nìyẹn."

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ bọ́ọ̀sì. Ìgbà tó jókòó tán ló mọ̀ pé kò sí ìdáhùn kankan lọ́wọ́ òun. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá ní òun náà ò mọ nǹkan kan, wọ́n ní kí Bàbá máa jẹ ọsàn ni. Ẹ̀rù wá bà á gan-an. Ó ń bẹ̀rù pé bàbá òun máa lọ, kí òun tó mọ̀ pé ó ń lọ.

Ló bá wá Ọ̀gá Oníná lọ. Fóònù ló ń tún ṣe báyìí, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan létí títì.

"Mo fẹ́ ohun tí iyanrìn ò lè dá dúró," ni obìnrin náà wí.

Ọ̀gá Oníná gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń retí ẹni tó máa béèrè," ló wí. Ó fi ẹyẹ kan hàn án nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹyẹ náà ní ọgbọ́n ìjà kan tó ń jẹ́ Atamátàsé: ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ ló máa ń jù, bí wọ́n tilẹ̀ bu iyanrìn gbogbo ayé sójú rẹ̀, ó máa balẹ̀ síbi tó yẹ.

"Kí ló dé tí ìwọ ò fi lò ó fún bàbá mi?"

"Mo pè wọ́n pé ká tún un ta. Wọ́n ní ẹni tó ti yege ìdánwò kì í padà lọ jókòó fún un."

Ó fi ẹyẹ náà ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ obìnrin náà, kò gba kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, bàbá àti ọmọ jókòó kojú ara wọn nínú pálọ̀ tí wọn ò tíì kùn.

"Bí mo bá borí lónìí," ni ọmọ wí, "ẹ máa sọ ohun tí dókítà sọ fún mi. Gbogbo ẹ̀. Ẹ ò ní bu iyanrìn kankan sí i."

Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Bó o bá borí? Kò burú. Mo gbà."

Òkété bu iyanrìn. Ẹyẹ ju ìràwọ̀, ó bà á. Bàbá gbé ojú sókè, ó tún bù ú. Ìràwọ̀ tún bà á. Nígbà tó bù ú lẹ́ẹ̀kẹfà tí ìràwọ̀ ṣì wọlé ṣinṣin, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Atamátàsé."

"Ta ló fún ẹ?"

"Ẹni tẹ́ ẹ pa lẹ́kún lọ́jọ́sí."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikọ́, ikọ́ náà kò sì fẹ́ dúró. Nínú yàrá kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Ó ku ìràwọ̀ kan. Ọmọ gbé ìka lé bọ́tìnì, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ yìí láti oṣù mélòó kan, ó wá kù díẹ̀ kọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì rí i pé òun ò fẹ́ gbọ́ ọ.

"Tẹ̀ ẹ́," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ó ti ń wúwo jù fún èmi nìkan."

Ó tẹ̀ ẹ́. Òkété ṣubú.

"Inú ẹ̀dọ̀ ló wà," ni Bàbá wí. "Wọn ò lè ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Mo ti lo méjì níbẹ̀."

Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọsàn," ni ìyá wí. "Ọsàn lẹ sọ fún mi pé wọ́n ní kẹ́ ẹ máa jẹ."

"Ọsàn náà ò burú," ni Bàbá dáhùn.

Ìyá gbá a léjìká, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó tì í.

"Ẹ sọ tó kù," ni ọmọ wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kí ló dé tó fi jẹ́ iyanrìn?"

Bàbá ò fẹ́ sọ ọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Òfin ìyá ẹ ni. Ẹyọ kan péré. Bí mo bá lù ẹ́, ó parí, wàá dìde. Bí mo bá jẹ́ kó o lù mí, ó parí, wàá dìde. Mo wá ń wo gbogbo ọgbọ́n ìjà tó wà nínú géèmù yẹn, mo ń wá èyí tí ò ní jẹ́ kó tètè parí. Òun nìkan ni mo rí."

Láti ọjọ́ náà, iyanrìn tán lẹ́nu Bàbá. Ọmọ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó kó padà wálé. Bó bá bi í pé ṣé ó sùn, á ní rárá, ó dun òun títí ilẹ̀ fi mọ́. Òótọ́ náà wá ń pọ̀ jù. Bàbá sọ fún onígbàjámọ̀ pé láti ogún ọdún ni irun apá òsì orí òun ti ń kéré ju ti apá ọ̀tún lọ. Onígbàjámọ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó sọdá títì pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó gé e dọ́gba lórí ibùsùn. Nígbà tí ọmọ bá sì ń fi ṣíbí fún Bàbá ní tíì, á kó o mì tán, á ní, "Òkété dàgbà, ó ń mu ọmú ọmọ ẹ̀. Ó tún fẹ́ ṣúgà."

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ara tù ú díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ní ibi ìsìnkú, Ọ̀gá Oníná ní òun fẹ́ sọ gbólóhùn kan. Ó dìde, ó ní, "Mo ṣì ń bínú sí i," ó sì jókòó. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, títí kan ìyàwó olóògbé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀, tó ti padà sí ilé tirẹ̀, dé ní aago tó máa ń dé tẹ́lẹ̀, nítorí kò mọ ibòmíràn tí òun lè lọ. Ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí àga Bàbá. Ẹ̀rọ géèmù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lódì.

"Jókòó," ni ìyá wí. "Kọ́ mi."

Ọmọ yí ẹ̀rọ náà padà fún un, ó fi bọ́tìnì hàn án, ó fi òkété hàn án, ó ka ọgbọ́n ìjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i létí.

"Èwo ni kí n tẹ̀?" ni ìyá béèrè.

"Èyí tó bá wù yín, Màmá."

Ìyá fi ìka rẹ̀ tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tẹ ìkankan. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

"Èwo nínú wọn ló máa ń pẹ́ jù?"