Fídíò Màmá Tí Mo Gbé Sókè Lọ́jọ́ Kejì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín. Kò pẹ́ tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo rò ó fún látòkè délẹ̀. Bóyá tí mo bá kọ ọ́ tán, á yé èmi náà.

Ọ̀pọ̀ yín tí ẹ ń tẹ̀ lé mi níbí, Màmá mi lẹ mọ̀, kì í ṣe èmi. Màmá Onírú, Ìkẹ́rẹ́. Èmi kàn ni mo ń di fóònù mú ni. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Màmá ló ń se irú, kí fóònù sì tó wọ ọ̀rọ̀ náà, ọjà ni wọ́n ti ń tà á, fún àwọn tó mọ̀ wọ́n. Tí òjò bá pa ọjà, irú á kù sílẹ̀, a ó sì máa fi se ọbẹ̀ títí á fi sú wa.

Ìgbà tí mo ra fóònù tó ń ya fídíò dáadáa, mo ya Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣí ewé lórí irú tó ti jinná. Wọ́n wo fóònù, wọ́n fi ohùn Ìkẹ́rẹ́ wọn ní, "Ẹ wá ra urú o. Àwọn kan ní urú ń rùn. Tèmi ń ta sánsán ni." Mo gbé e sí sítétọ́ọ̀sì, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan láti Àbújá ti ń béèrè bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ òun. Nígbà tó yá, àwọn dírébà ní gáréèjì ti mọ ilé wa. Kódà obìnrin kan tí ilé rẹ̀ ò ju ojúlé kẹta sí tiwa lọ kì í rìn wá mọ́. Á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé kí a bá òun di irú sílẹ̀. Ṣé òwò tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn?

Torí pé mo gbọ́dọ̀ tètè dé ilé ìwé láàárọ̀, ọjọ́ Sátidé la máa ń ya ti ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀. Màmá á wé gèlè kan, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á wé òmíràn, kí àwọn èèyàn lè rò pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn ni wọ́n ronú kan ọgbọ́n yẹn o, kì í ṣe èmi tí mo kàwé. Láràárọ̀, kí n tó jáde nílé, mo máa gbé ọ̀kan sókè. Ó wá mọ́ àwọn èèyàn lára débi pé tí aago méje bá kọjá tí wọn ò tíì rí Màmá, wọ́n á pè láti béèrè bóyá ara wọn ò yá.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni Màmá kú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, wọn ò dìde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mi ò ní ohun tí mo máa fi kún un.

Àwọn àgbà ìdílé péjọ sílé wa. Àbúrò bàbá mi ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin ṣì wà ní Ìlúmọba, wọ́n ti darúgbó, àyà wọn ò sì le. A kì í sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún irú wọn lórí fóònù. Àwọn àgbà máa lọ bá wọn nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á jókòó tì wọ́n, wọ́n á fẹnu sọ ọ́. Títí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ túfọ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní pàápàá jù lọ lórí fóònù. Mo ní mo gbọ́, sà.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan pé Màmá kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dìde, mo gbálẹ̀, mo wẹ̀, mo yọ fóònù nínú iná, mo gbé fídíò Màmá sókè. Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ tí mo bá ní mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é? Gbogbo ara mi ti kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Ọwọ́ mi kàn ń ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe láràárọ̀ ni.

Fídíò tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ni. Gèlè búlúù ni wọ́n wé. "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ará ulé. Urú tòní ti jinná. Ẹ tètè bọ̀ o."

Mẹ́sẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ẹnì kan fẹ́ irú wóró, ẹnì kan fẹ́ pẹ̀tẹ̀. Ẹnì kan ní gèlè yìí mà bá Màmá mu. Obìnrin ojúlé kẹta yẹn, tó ti gbọ́ igbe láti ilé wa lánàá, kọ ọ́ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òun ti rò pé nǹkan ṣe. Mo ka gbogbo rẹ̀. Kò ṣe mí bákan. Mo tiẹ̀ dá ẹni tó fẹ́ wóró lóhùn pé ó ṣì wà nílẹ̀.

Ọkọ mi ló rí i. Ó jókòó tì mí, ó rọra béèrè pé kí ni mo gbé síbẹ̀ yìí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pa fídíò náà rẹ́. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti fídíò wá tún burú ju ti ẹyin lọ, torí kì í fọ́, rírìn ló ń rìn. Àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ó dé Emùré. Ìyá Dúpẹ́ ń gbé níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà ọmọge, àwọn ni wọ́n ń kó èso irúgbá wá fún Màmá láti fi se irú. Ẹnì kan ti yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí wọn létí lánàá pé nǹkan ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Wọn ò fojú kan oorun. Àfi bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tí wọ́n rí ọ̀rẹ́ wọn nínú fóònù, tó ń kí wọn káàárọ̀. Gèlè búlúù yẹn gan-an, àwọn ni wọ́n rà á fún Màmá, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n fi rán dírébà. Wọn ò tíì rí i lórí Màmá rí. Ta ló tún fẹ́ sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ wọn ti kú?

Wọ́n wọ mọ́tò wá bá wa. Láti ojúde ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Wọ́n ń pe Màmá pé kí onígèlè jáde wá, kí àwọn wo bó ṣe wé e. "Àwọn kan fẹ́ pa ọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lánàá o!" Wọ́n rí àga tí a tò síta. Wọ́n rí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jókòó, tí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Síbẹ̀, ẹ̀rín náà ò tètè kúrò lójú wọn.

Àwọn àgbà ò tíì pè wá láti Ìlúmọba. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ wojú mi. Ta ni ì bá tún sọ ọ́? Èmi ni mo jí Màmá dìde fún ọ̀rẹ́ wọn, èmi náà ni mo máa tún Màmá pa.

Mo mú Ìyá Dúpẹ́ wọ yàrá Màmá. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ọjọ́ Sátidé la ya fídíò yẹn. Wọ́n ní Sátidé báwo? Ṣebí àárọ̀ yìí ló kí àwọn? Mo ṣàlàyé bí a ṣe máa ń yà á, bí Màmá ṣe máa ń pààrọ̀ gèlè. Mò ń ṣàlàyé bí ẹni tó dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ohùn mi ò gbọ̀n. Wọ́n gbọ́ mi títí dé òpin. Wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì tí a ti ká aṣọ rẹ̀, wọ́n sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n nà mí tí wọ́n bá fẹ́.

"Dìde, ọmọ mi. Láti Emùré dé ulé yìí, ọ̀rẹ́ mi wà láàyè. Mo jókòó nínú mọ́tò, mò ń ro ohun tí mo máa bá a sọ. Mi ò ní bá ọ jà." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Àmọ́ má ṣe é fún ẹlòmíì."

Nígbà tí àwọn àgbà pè pé àwọn ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n Màmá, mo jókòó, mo kọ̀wé sí àwọn kọ́sítọ́mà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pe orúkọ oníkálukú, mo sọ fún un pé Màmá ti lọ. Ẹni tó fẹ́ wóró pè mí, ó ń sunkún. Èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí. Tí ẹni tó ni ìsọ̀ bá kú, ìsọ̀ rẹ̀ á wà ní títì, ẹni tó bá kọjá á bi aládùúgbò, á gbọ́. Fóònù ò mọ ìyẹn. Mi ò ní purọ́, fóònù ló mú kí òwò wa kọjá Ìkẹ́rẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń fi í tajà, ẹ yan ẹnì kan báyìí tó máa gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí nǹkan bá dé. Ẹ má fọkàn tán ọwọ́ ara yín lọ́jọ́ yẹn.

Mo ṣì ń ta irú. Fọ́tò irú nínú abọ́ ni mò ń gbé sókè báyìí, kò sí ohùn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí òbí yín ti lọ, tí ohùn wọn ṣì wà lórí fóònù yín, ṣé ẹ pa á rẹ́, àbí ẹ fi sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Fídíò Màmá ti Fúráìdé àti ti Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fìka lé ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́ léraléra, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́.