Mummy gun òkè ní Sípéènì, wọn ò pè mí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìyá tó bí mi ni mò ń jowú.

Èmi ni mo kọ́ Mummy bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ní pápá Peckham Rye nílùú Ọba níbí.

Lónìí, mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú òjò, ni wọ́n bá fi fídíò pè mí láti orí òkè kan ní Sípéènì. Àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti mọ́ṣáláṣí ló gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀.

"Mummy, ẹ ò tiẹ̀ pè mí pé ká jọ lọ!"

"Ìwọ kẹ̀? Pẹ̀lú bó o ṣe máa ń mí hẹlẹhẹlẹ yẹn?"

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí dé egungun. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì báàlù lọ síbẹ̀. Tó bá di Sátidé, màá yọ sí wọn lójijì.

Ẹ sọ òótọ́, ṣé mo ti ṣàṣejù?