Ẹfun Lórí Nọ́ńbà Pupa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn ẹfun tútù ni mo fi ń mọ̀ pé Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí iná mèremère lára ilé ìtajà láti oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ yìí lè ṣe yín ní kàyéfì. Ẹ̀yìn Pópó Àgùdà ni ilé wa wà, ilé alágbàálá tí bàbá ìyá àgbà mi, tó jẹ́ bíríkìlà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ìyá àgbà yìí ló bí bàbá mi. Inú ilé náà ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló bímọ sí, ó sì máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ibẹ̀ ni òun máa kú sí.

Láyé ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń fi ògiri dúdú wọ ọdún. Bí Kérésìmesì bá bá ilé rẹ láìkùn, àwọn aládùúgbò á máa bi ara wọn bóyá ẹ ṣòfò ni. Apọ́ngbọ̀n ni ìyá àgbà ti ń ra ẹfun. Á fi omi rẹ ẹ́ sínú ìkòkò amọ̀, á sì kó búlúù tí a fi ń fọ aṣọ lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa rún un sí i díẹ̀díẹ̀. Búlúù yẹn ló ń jẹ́ kí ògiri funfun báláú. Bí mo bá rún un jù, ògiri á dà bí aṣọ tí wọn kò ṣàn dáadáa, ìyá àgbà kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀ títí a ó fi sùn. Lẹ́yìn ẹfun, a ó tẹ imọ̀ ọ̀pẹ sí ẹnu ọ̀nà, a ó sì ta bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi tí a lẹ̀ mọ́ra wọn kọjá iwájú ilé. Mùsùlùmí ni télọ̀ tó háyà yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa, òun ló sì máa ń fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ gé bébà náà fún wa. Tó bá di Iléyá, àwa náà á bá a gbá ojúde, a ó tẹ́ ẹní fún àwọn àlejò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan bàbàrà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wọ àdúgbò wa pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ àti agolo ọ̀dà pupa. Wọ́n ń wọn ilẹ̀ lọ, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sára ilé. Ọkànlélógójì ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tiwa. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé gbogbo ilé tó bá ti gba nọ́ńbà ni wọ́n máa wó, kí wọ́n lè la títì, kí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà gbà. Wọ́n ní Sùúrùlérè ni wọ́n máa kó wa lọ. Igbó ni Sùúrùlérè lójú wa nígbà yẹn. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọn kò dá ọjọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí Kérésìmesì tó dé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí lọ́rí bá ti ń dún bọ̀ ládùúgbò, ọwọ́ ìyá mi á dúró lórí ohun tó bá ń rò lórí iná.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Tó bá bá ìjọba jà, iṣẹ́ lè bọ́. Tí kò bá sì bá wọn jà, ìyá rẹ̀ ló ń bá jà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó, ó ní kí ìyá àgbà gbọ́ òun.

"Ìyá, ilé tí wọ́n fẹ́ wó, kí la tún fẹ́ fi ẹfun ṣe níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ti ọdún yìí sílẹ̀."

Ìyá àgbà dìde, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n sọ di pósítì láàárín ara wọn. "Sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ rẹ̀ ti ń tutù," bẹ́ẹ̀ bàbá mi rèé tó jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tìyá rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín nígbà náà, torí pé ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá máa kó wa lọ sí Sùúrùlérè, ìyá àgbà kò ní bá wa lọ.

Gbogbo àdúgbò dúdú kalẹ̀. Lọ́dọọdún, tó bá ti di àsìkò yẹn, gbogbo àwa ọmọdé á ti fi ẹfun ra ara wa. Lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó kó àkàbà jáde. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn tó kọ nọ́ńbà ló máa wá wólé, pé àwọn tó máa wólé kò mọ ilé ta ni, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n máa wò, ilé tí kò bá ní nọ́ńbà, wọ́n á fò ó. Télọ̀ wa ló gbé e wálé. Ó ní ní Lafiaji, lọ́dọ̀ àna òun, òjò fọ nọ́ńbà ilé kan dànù, àwọn awólé sì kọjá níbẹ̀. Bàbá mi ní ọ̀dà kọ́ ni òjò ń fọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá àgbà, mo sì mọ̀ pé ó ti gbọ́ èyí tó wù ú gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ní kí n mú búlúù wá. Láti igun ilé tó jìnnà jù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń kùn bọ̀ lọ́nà ilẹ̀kùn. Bàbá mi jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó bá a níbẹ̀, ó dúró. Àwọn aládùúgbò ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Funfun náà ń súnmọ́ pupa. Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì dé etí nọ́ńbà, ìyá àgbà dáwọ́ dúró.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," bàbá mi sọ. "Ẹ kun gbogbo ilé, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Nọ́ńbà gọ́mẹ́ntì ni. Ẹni tó bá pa á rẹ́, ẹjọ́ ni, èmi ni wọ́n sì máa pè."

Ìyá àgbà kò wojú rẹ̀. "Bàbá mi ò kọ nọ́ńbà kankan sára ilé yìí," ló wí, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹfun. Ó kùn ún mọ́lẹ̀. Bàbá mi mú báàgì rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́ láìkí ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹfun kì í mú lára ọ̀dà? Ọmọ bíríkìlà kò lè ṣàì mọ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa gbẹ ẹ́, nọ́ńbà ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀, tó bá sì di àárọ̀, ẹfun á ti ṣí, ọkànlélógójì á ti jókòó sí àyè rẹ̀. Ìyá àgbà á tún un kùn. Ó sọ fún télọ̀ kó gé bébà tó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí a lè ta á wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kó bo ibẹ̀. Télọ̀ gé e, kò pa wá lẹ́rìn-ín bó ti máa ń ṣe. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kàn ń gbé bébà náà sókè bó ṣe wù ú. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ lọ́dún wá di iṣẹ́ ọlọ́dẹ. Ilé wa nìkan ló sì funfun ní gbogbo òpópónà, débi pé bàbá mi béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé ta ni kò ní rí ilé báyìí láti òkèèrè. Mo kórìíra ilẹ̀ tó ń mọ́.

Ní àárọ̀ Kérésìmesì, mo yọ́ jáde kí àwọn yòókù tó jí, kí n lọ wo ohun tí nọ́ńbà ṣe. Bàbá mi ni mo bá níbẹ̀. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ìkòkò ẹfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kun nọ́ńbà náà tán. Ó ti rún búlúù jù sínú ẹfun. Ó fi ìka lé ẹnu, ó ní kí n má sọ fún ìyá àgbà.

Mi ò sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà jáde, ó wo ògiri, ó wo àwọ̀ búlúù yẹn, ó wò mí, lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ aṣọ bàbá mi tí ẹfun ti ta sí. Nígbà tí oúnjẹ ọdún délẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bu ti bàbá mi. Ó gbé e síwájú rẹ̀, ó ní, "Jẹun." Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Kí ọdún tuntun tó wọlé ni ọ̀gá àwọn onínọ́ńbà dé pẹ̀lú agolo ọ̀dà. Kò wojú ilé mìíràn, tiwa ló yà sí tààrà. Ó fi ọwọ́ gbé bébà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Ta ló pa nọ́ńbà yìí rẹ́?"

Ìyá àgbà di àga mú, ó fẹ́ dìde. Bàbá mi ti dé iwájú ọkùnrin náà. "Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba?"

"Èmi ni. Ọdún ló dé. A máa ń kun ilé fún ọdún."

Ọkùnrin náà wo imọ̀ ọ̀pẹ, ó wo bébà, ó pẹ́ kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo. Ó kọ nọ́ńbà náà padà, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Kó tó di ọdún Àjíǹde," ló sọ, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Wọn kò lé bàbá mi lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n pè é, ohun tí wọ́n sì sọ fún un níbẹ̀, kò sọ ọ́ fún wa títí ó fi kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọ̀gá náà wá, mo gbé búlúù tọ ìyá àgbà lọ. Ó ní kí n gbé e padà. Ilé náà kò sí mọ́ kí ọdún Àjíǹde tó dé.

Ìyá àgbà bá wa lọ sí Sùúrùlérè. Bí Kérésìmesì mìíràn ṣe dé, bàbá mi fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Apọ́ngbọ̀n, ó ra ẹfun, ó gbé e ka iwájú ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà wo ògiri tí wọ́n ti kùn sílẹ̀ dè wá, ó ní, "Ta ló kọ́ ilé yìí?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹfun náà gbẹ sínú ìkòkò.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Ilé ọmọ mi ọkùnrin ni mò ń gbé. Igi oníke ni wọ́n ń gbé jáde nínú páálí lóṣù Kejìlá, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú sí àwa nìkan nínú pálọ̀, géètì á wà ní títì. Láyé tiwa, ojú aládùúgbò ni a ń kunlé fún. Lónìí, Mùsùlùmí tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mi ò mọ ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ Iléyá, òun náà kò sì mọ tèmi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọdún kì í dùn mọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, tó bá ti di àsìkò yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n wá ẹfun àti búlúù fún mi. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ni mò ń kùn, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ mi máa ń bínú. "Màámi, ẹfun ò lè mú lára ọ̀dà yìí." Mo ní mo mọ̀. Tó bá di àárọ̀ tó ti ṣí, màá tún un kùn.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, mo fi ọ̀pá jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti lọ tún un kùn. Mo bá a tí ẹnìkan ti kùn ún, ó ṣì tutù, búlúù rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, mo ní kí ìyàwó ilé jókòó, mo sì bu ti ọmọ mi fúnra mi.